Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ọmọ Kékeré Nípa Ìgbà Tí Wọ́n Fi Àwọ̀ Pín Iléèwé ní Amẹ́ríkà, àti Àwọn Tó Kọ̀ Ọ́

Ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí àwọn iléèwé ní Amẹ́ríkà bá ń kọ́ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, ìbéèrè kan máa ń ká àwọn òbí Yorùbá mọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́: "Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ dúdú wọ iléèwé kan tẹ́lẹ̀?" Ọ̀pọ̀ wa kì í mọ ibi tí a ó gbà. Ilẹ̀ wa kọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, wọn ò sì kọ́ àwa náà nígbà tí a wà ní kékeré. A á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti kọjá, jẹun rẹ."

Èmi náà ti ṣì í ṣe rí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé nílùú Houston. Lọ́jọ́ kan mo fi fọ́tò àwọn èrò tó ń pariwo lé ọmọ dúdú kan lórí lẹ́nu ọ̀nà iléèwé han ọmọ ọdún márùn-ún, mo sì ń sọ̀rọ̀ mi lọ. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọmọ náà ní òun ò lọ síléèwé mọ́. Àwọn àgbàlagbà tí inú ń bí ni ohun tó rí nínú ìtàn mi. Kò rí ẹnì kankan tó dúró ti ọmọ náà, nítorí mi ò fi wọ́n hàn án. Ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ ọ látìgbà náà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, fún òbí, fún tíṣà, fún ẹnikẹ́ni tí ọmọ ń bi léèrè.

Ohun méjì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Èèyàn ló jókòó kọ òfin ìpínyà yẹn, kò já bọ́ láti ọ̀run, èèyàn náà ló sì tú u. Èkejì, kò sí ọmọ kan tó dá nìkan ṣe é. Bí ẹ bá sọ ìtàn ọmọ onígboyà tí ẹ ò dárúkọ àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù àgbà lẹ gbé ka ọmọ lórí yẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ẹ tó la ẹnu

Ẹ kọ́kọ́ mọ eegun ìtàn náà fúnra yín. Ní 1896, nínú ẹjọ́ kan tó dá lórí ọkọ̀ ojú irin, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ní kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀, tí ohun tí wọ́n fún wọn bá ti dọ́gba. Kò dọ́gba rí. Ní àgbègbè Clarendon, ní South Carolina, bọ́ọ̀sì ni àwọn òbí dúdú kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún, nítorí bọ́ọ̀sì ń gbé àwọn ọmọ funfun lọ síléèwé, tiwọn sì ń fẹsẹ̀ rin ọ̀pọ̀ máìlì. Wọn ò fún wọn. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì di ẹjọ́. Ẹjọ́ náà dara pọ̀ mọ́ mẹ́rin mìíràn, láti Kansas, Virginia, Delaware àti olú-ìlú Washington, lọ́yà Thurgood Marshall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé wọn dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní 17 oṣù karùn-ún 1954, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé pípín ọmọ níyà ní iléèwé ìjọba lòdì sí òfin ilẹ̀ wọn.

Ìdájọ́ yẹn ò ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì o. Àwọn aláṣẹ ní gúúsù fi ọ̀pọ̀ ọdún fa ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀. Ní àgbègbè Prince Edward, ní Virginia, wọ́n kúkú ti gbogbo iléèwé ìjọba pa láti 1959 sí 1964, kí dúdú àti funfun má baà jókòó pọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọmọ tí ẹ bá sọ fún pé "adájọ́ sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ sì dára" yóò mọ̀ lọ́jọ́ kan pé ẹ ò sọ gbogbo òtítọ́ fún òun.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ má kọjá àwòrán tó wà nínú ìgbésẹ̀ kejì. Ọmọ ọdún mẹ́fà àti méje lè gbọ́ ìtàn Ruby Bridges, ọmọ tó wà nínú ìgbésẹ̀ kẹta. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè lè gbọ́ ti Barbara Johns, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ìgbésẹ̀ karùn-ún, kí ó sì bá yín jiyàn lé e lórí.

Bí ẹ bá máa ń pàlọ́ nílé, ẹ má fi "Àlọ́ o!" bẹ̀rẹ̀ èyí. Ọmọ tó mọ Ìjàpá ti mọ̀ pé ohun tó wà nínú àlọ́ kò ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ẹ sọ fún un pé ìtàn ni, pé ó ṣẹlẹ̀, pé ọmọ tó ṣẹlẹ̀ sí dàgbà, ó di ìyá ọlọ́mọ. Alẹ́ la ń pàlọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni kí ẹ sọ èyí, kí ọmọ lè béèrè ohun tó bá fẹ́, kó sá lọ ṣeré lẹ́yìn rẹ̀, kó má gbé e wọ oorun.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya ọ̀nà náà sórí bébà

Bí ẹ ò bá ráyè ṣe ju ohun kan lọ, ẹ ṣe èyí. Ẹ mú bébà ńlá kan. Ẹ ya ilé kan sí i: ilé Linda Brown nìyẹn, ọmọbìnrin kékeré kan nílùú Topeka, ní Kansas, ní nǹkan bí 1950. Ẹ ya iléèwé kan sí tòsí ilé náà, Sumner ni wọ́n ń pè é, kò ju òpópónà méje lọ sí ilé wọn. Ẹ ya iléèwé kejì, Monroe, sí igun bébà lọ́hùn-ún. Láàárín ilé àti Monroe, ẹ fa ojú irin rélùwéè bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì ya ibùdókọ̀ kan sí òdìkejì rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni Linda ní láti fẹsẹ̀ kọjá kó tó rí bọ́ọ̀sì wọ̀.

Ẹ bi ọmọ pé, "Ìwọ, èwo lo máa lọ?" Yóò na ìka sí èyí tó wà nítòsí. Ẹ wá mú bébà pélébé kan jáde, ẹ kọ ọ́ sí i pé: ỌMỌ FUNFUN NÌKAN. Ẹ gbé e lé Sumner. Ẹ dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò fúnra wọn sọ pé kò dáa. Àwọn kan á ní kí Linda yọ́ wọlé. Ọmọ kan nínú kíláàsì mi ní kí a ya afárá sórí ojú irin náà fún un, inú mi sì dùn pé ó ń wá ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ó bá ti sọ tẹnu rẹ̀ ni kí ẹ béèrè pé, "Ta ló kọ bébà yìí?" Kì í ṣe Ọlọ́run, kì í ṣe ojú ọjọ́. Èèyàn ló kọ ọ́. Ẹ wá ní kí ọmọ fi ìka rìn láti ilé, kọjá ojú irin, dé ibùdókọ̀, títí dé Monroe, nínú òjò dídì. Ẹ má kánjú.

Ẹ sọ fún un pé bàbá Linda, Oliver Brown, àti àwọn òbí méjìlá mìíràn nílùú yẹn gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọmọ náà gan-an ni kó wá ṣí bébà pélébé yẹn kúrò lórí Sumner.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fò. Monroe kì í ṣe iléèwé burúkú. Àwọn tíṣà dúdú tó wà níbẹ̀ mọṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn àwọn ọmọ. Nítorí náà ẹ má sọ fún ọmọ pé Linda fẹ́ kúrò níbẹ̀ torí pé iléèwé àwọn dúdú kò dára. Pé wọ́n lé e lẹ́nu ọ̀nà nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ìyẹn ni ọgbẹ́ náà.

Ìkìlọ̀ méjì kí á tó kúrò níbí. Ẹ má pín àwọn ọmọ gidi sí méjì kí ẹ fìyà jẹ apá kan láti fi kọ́ wọn. Ọmọ kékeré kì í mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni, ìtìjú nìkan ló máa rántí. Ẹ má sì fi ọmọláńgidi dúdú àti funfun dán ọmọ yín wò pé èwo ló rẹwà. Lóòótọ́, Kenneth àti Mamie Clark, tọkọtaya onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ṣe irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú ọlọ́dún mẹ́ta sí méje ló ní funfun ló dára, ohun tí wọ́n rí yẹn sì wà lára ẹ̀rí tó dé iwájú ilé ẹjọ́. Iṣẹ́ ìwádìí nìyẹn. Nílé yín, ẹ kàn ra ọmọláńgidi dúdú fún ọmọ kó máa fi ṣeré.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sọ ìtàn Ruby, kí ẹ máa dúró lójú ọ̀nà

New Orleans, ní Louisiana, 14 oṣù kọkànlá 1960. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ruby Bridges. Mi ò kì í sọ ìtàn yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń dúró, mo sì máa ń béèrè.

Mo máa ń kọ́kọ́ dúró sí ìdánwò. Wọ́n ṣe ìdánwò tó le fún àwọn ọmọ dúdú kí wọ́n tó gbà pé wọ́n lè wọ iléèwé àwọn funfun. Àwọn mẹ́fà yege. Méjì ní àwọn á dúró síbi tí àwọn wà, mẹ́ta lọ sí iléèwé kan tí wọ́n ń pè ní McDonogh 19, ó wá ku Ruby nìkan fún iléèwé William Frantz. Ẹ bi ọmọ pé: "Ṣé wọ́n ṣe irú ìdánwò yìí fún àwọn ọmọ funfun?"

Lẹ́yìn náà, inú ilé. Bàbá Ruby ò fẹ́ kó lọ, ẹ̀rù ń bà á nítorí ohun tí wọ́n lè ṣe fún ọmọ rẹ̀. Màmá Ruby ní kó lọ, kí òun àti àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ẹ̀kọ́ tó dára kọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Bí ọmọ bá bi yín pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n lọ?" ẹ sọ òótọ́ fún un. Èmi máa ń sọ pé mi ò mọ̀, pé mo máa ronú títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ wá dé ojú ọ̀nà. Àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ mẹ́rin fi ọkọ̀ gbé Ruby àti màmá rẹ̀ lọ. Èrò kún ẹnu ọ̀nà iléèwé, ariwo sọ. Ruby rò pé Mardi Gras ni, ọdún ńlá tí wọ́n máa ń ṣe nílùú wọn. Ọmọ tó bá ti lọ sílé rí yóò mọ̀ ọ́n bí ẹ bá sọ pé, "Bí ìgbà tí egúngún bá jáde tí èrò kún ìgboro." Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀, kí ọmọ rí i pé ọmọ bíi tirẹ̀ ni. Kò tíì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bínú sí.

Ibi tó ń wọ àwọn ọmọ lára jù, bí mo ṣe rí i, kì í ṣe ibi ariwo. Kíláàsì òfìfo ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé ni Ruby jókòó sí títí wọ́n fi jáde, torí pé àwọn òbí funfun ń wá kó àwọn ọmọ wọn lọ. Lọ́jọ́ kejì ó bá tíṣà kan pàdé, Barbara Henry, obìnrin funfun láti Boston. Àwọn méjì péré ló wà ní kíláàsì náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ yẹn. Tíṣà kan, ọmọ kan. Ẹ béèrè pé, "Ta ni wàá bá ṣeré tó bá jẹ́ ìwọ ni?" Kí ẹ sì sọ fún un pé Tíṣà Henry jókòó tì í, wọ́n jọ kọrin, wọ́n jọ ṣe ìṣirò, kò pa iṣẹ́ jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà Henry rí i láti ojú fèrèsé pé Ruby dúró láàárín èrò, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó rò pé ó ń dá wọn lóhùn. Àdúrà ló ń gbà fún wọn. Àwọn ọmọ wa, tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àdúrà, máa ń dákẹ́ lọ síí bí wọ́n bá gbọ́ èyí.

Nígbà tó di ọdún kejì, kò sí agbófinró mọ́, àwọn ọmọ mìíràn sì wà nínú kíláàsì Ruby. Ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́, kí ọmọ má ro pé ó dá wà títí ayé. Ẹ fi ọmọláńgidi dúdú tí obìnrin kan gbé sínú pósí lójú ọ̀nà sílẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá tó mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, bákan náà sì ni ẹni tó ń halẹ̀ pé òun á fún un ní májèlé jẹ.

Lẹ́yìn ìtàn, ẹ pe ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà lórí fóònù. Ní 1 oṣù kẹwàá 1960 ni Nàìjíríà gba òmìnira. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Ruby gun àtẹ̀gùn iléèwé yẹn. Ọdún 1954 ni wọ́n bí i; ní oṣù kìíní 1955 sì ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà wa, ẹgbẹ́ Ruby ni wọ́n. Ẹ ní kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ wọn: "Mọ́má, irú iléèwé wo lẹ lọ? Ta ló ń mú yín lọ?" Ohun tó jìnnà tẹ́lẹ̀ á wá di ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka àwọn ọwọ́

Ẹ ní kí ọmọ gbé ọwọ́ rẹ̀ lé bébà kó ya á yíká, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ẹ sì lè sọ ọ́ fún un níbẹ̀. Nínú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe nǹkan: màmá Ruby, bàbá Ruby, Tíṣà Henry, Adájọ́ Skelly Wright tó pàṣẹ kí iléèwé gba àwọn ọmọ náà, àwọn agbófinró. Àwọn aládùúgbò tó ń ṣọ́ ilé wọn, tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ tó gbé Ruby. Pásítọ̀ Lloyd Foreman, ẹni funfun, tó di ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún lọ́wọ́ mú la àárín èrò kọjá lọ síléèwé yẹn kan náà. Ẹ kọ orúkọ Leona Tate, Gail Etienne àti Tessie Prevost, àwọn mẹ́ta tó wọ McDonogh lọ́jọ́ kan náà tí ayé ò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ wọn. Kí ọwọ́ tó kẹ́yìn jẹ́ ti Ruby.

Ẹ sọ ohun tí wọ́n san fún un pẹ̀lú. Bàbá Ruby pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nílé epo, ilé ìtajà kan ò tà fún wọn mọ́, wọ́n sì lé àwọn òbí rẹ̀ àgbà kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń dá oko sí ní Mississippi. Lẹ́yìn náà, aládùúgbò kan fún bàbá náà níṣẹ́. Ẹ kọ aládùúgbò yẹn sínú ọwọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fún àwọn tó ti tó mẹ́jọ

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn Barbara Johns nìyẹn. Ní Farmville, ní Virginia, wọ́n kọ́ iléèwé girama Moton fún ọmọ dúdú bí 180. Nígbà tó di 1951, wọ́n ti lé ní 450, wọ́n sì ń kọ́ àwọn kan lábẹ́ àtíbàbà onípákó tí wọ́n fi bébà ọ̀dà bò. Ní 23 oṣù kẹrin ọdún yẹn, Barbara, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ sínú gbọ̀ngàn, ó ní kí àwọn tíṣà jáde, ó bá wọn sọ̀rọ̀, gbogbo wọn sì fi iléèwé sílẹ̀. Àwọn lọ́yà tí wọ́n kọ̀wé sí, Oliver Hill àti Spottswood Robinson, ní àwọn á dúró fún wọn bí wọ́n bá gbà láti bèèrè fún òpin ìpínyà, kì í ṣe ilé tuntun nìkan. Wọ́n gbà. Ẹjọ́ wọn wà lára àwọn márùn-ún tó dé ilé ẹjọ́ ní 1954.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ lẹ́tà ìlà mẹ́ta sí ọ̀gá iléèwé rẹ̀ nípa ohun kan tó yẹ kí wọ́n tún ṣe: ohun tí mo rí, ẹni tó ń ni lára, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ó bá jẹ́ ohun tó tọ́, ẹ fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Lẹ́tà tí kò dé ibì kankan á kọ́ ọmọ pé asán ni ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn ìbéèrè tó máa wá

"Ṣé gbogbo òyìnbó ló burú?" Rárá. Ẹ padà sí bébà ọwọ́, ẹ fi Tíṣà Henry àti Pásítọ̀ Foreman hàn án. Ṣùgbọ́n ẹ má yára fi èyí pa ìbéèrè náà. Àwọn tó pariwo yẹn pọ̀, wọ́n sì jẹ́ òbí ọmọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan kọ́ sì ni wọ́n ṣe é sí. Ní California, wọ́n lé Sylvia Mendez, ọmọ àwọn tó wá láti Mẹ́síkò àti Puerto Rico, kúrò níléèwé àwọn funfun, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á gba àwọn ọmọ arábìnrin bàbá rẹ̀ tí àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀ jù tirẹ̀ lọ. Àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn pẹjọ́, wọ́n sì borí ní 1947.

"Ṣé wọ́n lè ṣe é fún èmi náà?" Òfin ò gbà á mọ́. Ẹnì kan lè sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ọ o. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, wá sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an, mi ò ní bínú sí ọ, èmi ni mo máa lọ síbẹ̀. Ẹ sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ketekete, nítorí ohun tí ọmọ ń dúró láti gbọ́ nìyẹn.

"Ṣé ó ti tán?" Òfin ti yí padà. Àwọn iléèwé kan ṣì wà tí àwọ̀ kan ṣoṣo ló kún inú wọn, nítorí àdúgbò tí wọ́n wà àti owó tí àdúgbò náà ní. Ọmọ ọdún méje lè gbọ́ èyí. Kò ní fọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi ẹnu ọmọ dánra wò

Ẹ dúró nínú pálọ̀, kí ẹnì kan ṣe bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní ìdí eré. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ gbólóhùn wọ̀nyí sókè, lédè Yorùbá àti lédè iléèwé rẹ̀: "Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀." "Wá jókòó tì mí." "Mo ń lọ sọ fún tíṣà." Ẹ yí ipò padà, kí òun náà ṣe ẹni tí wọ́n lé. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé lílọ pe àgbà kì í ṣe ojo; Ruby náà ní agbófinró mẹ́rin.

Ẹ lẹ bébà ọwọ́ mọ́ ara ògiri. Ní 14 oṣù kọkànlá, àwọn iléèwé kan ní Amẹ́ríkà máa ń kó ọmọ jọ láti fẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé ní ìrántí Ruby, bí ti ọmọ yín bá ń ṣe é, ẹ bá a rìn. Níbi tí mo ti ń kọ́ wọn, àwa máa ń rìn yí ọgbà ká ní Sátidé tó bá sún mọ́ ọjọ́ náà, àwọn òbí wà níwájú àti lẹ́yìn, ọmọ tó dàgbà jù ló sì ń di ọwọ́ èyí tó kéré jù mú.